Iná Tí Tíṣà Bádéjọ Kò Wọ̀n

Tàjùdéèn Bádéjọ kì í ṣe ọmọ Ìfọ̀. Ìkirun ni wọ́n ti bí i, iṣẹ́ tíṣà ló gbé e dé Ìfọ̀, ó sì gba yàrá méjì sí ẹ̀yìn tẹ́ṣàn rélùwéè, níbi tí àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù ti máa ń jó nígbàkígbà tí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá. Físíìsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nílùú náà. Tíṣà Ìwọ̀n ni àwọn ọmọ ọ̀hún ń pè é lẹ́yìn, wọn kò sì purọ́ mọ́ ọn. Kò sí ohun tí ọkùnrin yìí kì í wọ̀n. Yóò wọn ìrẹsì kí Ìbíwùnmí ìyàwó rẹ̀ tó gbé e kaná, yóò tún wọ̀n ọ́n nígbà tó bá jinná, yóò wá sọ fún un bí omi tí ìrẹsì mu ṣe pọ̀ tó, bí ẹni pé obìnrin náà bi í. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí Fẹ́yìsayọ̀, àkọ́bí wọn, gbogbo ẹbí ń wá orúkọ tí wọn yóò sọ ọmọ. Bàbá ọmọ ń wá òṣùwọ̀n.

Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni o. Kì í jà, kì í pariwo, kì í sì í bá ẹni tí kò bá wọn nǹkan jiyàn. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: ó fẹ́ kàwé sí i, ọ̀nà kò sì là. Lọ́dún 1976 ni Dókítà Ògúnbọ̀dé, olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́ ní yunifásítì, wá sọ fún un pé àyè kan ń bọ̀ wá ṣí nínú láàbù òun n'Ìbàdàn. Ẹni tí jọ́nà gidi bá ti tẹ iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ jáde lòun yóò fi síbẹ̀.

Jọ́nà ni ìwé tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ ohun tí wọ́n rí fún ara wọn. Èyí tí Bádéjọ fojú sí, ọ̀rọ̀ iná, epo, èédú àti oòrùn nìkan ló ń gbé jáde, ìlú òyìnbó ni wọ́n sì ti ń tẹ̀ ẹ́. Wọn kì í ṣàdédé tẹ nǹkan níbẹ̀. Wọn á kọ́kọ́ fún àwọn àgbà inú iṣẹ́ náà kà, àwọn wọ̀nyẹn á sì máa bi ẹni tó kọ ọ́ léèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó jí ewúrẹ́ wọn. Ìyẹn kò ba Bádéjọ lẹ́rù. Ẹni tó ti wọn nǹkan, kí ló kù tí wọ́n fẹ́ bi í?

Ohun tí yóò ṣèwádìí lé lórí kò jìnnà. Kẹrosíìnì ti wọ́n bí imí eégún nígbà náà, ẹni tó bá sì wo ẹ̀yìn ìlú yóò rí i pé igi náà ti ń wọ́n. Wọ́n ń la títì márosẹ̀ tó lọ láti Èkó sí Ìbàdàn, títì náà sì gba Ìbàfò àti Mówè kọjá. Nígbà tí katapílà kọ́kọ́ wó igbó lulẹ̀, inú àwọn obìnrin tó ń yan gààrí ní Ìbàfò dùn, nítorí ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń kó igi ìdáná. Kò pẹ́ rárá. Igi tán, igbó tán, ó ku títì. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń rìn jìnnà kí wọ́n tó rí igi tí wọn yóò fi yan gààrí ọjọ́ kan. Bùrẹ́ímọ̀ sì wà lára wọn, òun ló bí Ìbíwùnmí.

Ààrò tí àwọn obìnrin náà ń lò, amọ̀ ni wọ́n fi ká a, agbada gààrí wà lórí rẹ̀, iná a sì máa yọ ahọ́n lábẹ́ agbada lọ́tùn-ún lósì. Bádéjọ wò ó títí, ó ní ooru ń ṣòfò. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń bu amọ̀ ní Ìfọ̀, ó di amọ̀ sẹ́yìn alùpùpù Hóńdà rẹ̀, ó sì fi ìsinmi ilé-ìwé mọ àdògán kan sí ilé gààrí ìyá ìyàwó rẹ̀. Àdògán náà ga, ara rẹ̀ nípọn bí ògiri ilé, ẹnu rẹ̀ kéré, ihò èéfín kan sì yọ lẹ́yìn rẹ̀. Bùrẹ́ímọ̀ rìn yí i ká. Ó ní ó dà bí ilé tí ó yẹ kí ènìyàn san owó orí lé lórí.

Bí wọ́n ṣe dán an wò nìyí. Lọ́jọ́ Sátidé, Bádéjọ yóò gun Hóńdà láti Ìfọ̀, yóò gba ọ̀nà oko àti ọ̀nà ẹlẹ́rọ̀fọ̀ já sí Mówè, yóò sì dé Ìbàfò pẹ̀lú òṣùwọ̀n lẹ́yìn rẹ̀. Yóò dọ̀bálẹ̀ fún àna rẹ̀. Yóò wọn igi tí wọn yóò fi dáná nínú ààrò àtijọ́, yóò wọn èyí tí wọn yóò fi dáná nínú àdògán rẹ̀. Yóò wọn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti kù sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá yan gààrí tán, yóò wọn gààrí, yóò sì wọn igi tó ṣẹ́ kù. Kò sí àléébù níbẹ̀. Àárín ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin ni ọ̀rọ̀ wà, nítorí ní àárín yìí, ibi tí Bádéjọ máa ń wà kì í ṣe ìdí iná.

Àna ni. Ẹni tó bá mọ ohun tí àna jẹ́ yóò ti mọ ibi tí mò ń lọ. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Bádéjọ kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán, ó mú aago dání.

"Bàbá Fẹ́yìsayọ̀, kí lẹ fẹ́ ṣe níbẹ̀ yẹn?" Bùrẹ́ímọ̀ béèrè. 'Ẹ' ló máa ń pè é láti ọjọ́ ìgbéyàwó, bó ti wù kí Bádéjọ bẹ̀ ẹ́ tó pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀.

"Màmá, mo fẹ́ máa wo iná bó ṣe ń jó ni, mà."

"Iná lẹ fẹ́ wò, àbí èmi? Ìró tí mo ró mọ́ àyà nìyí. Mo fẹ́ làágùn. Ọkọ ọmọ mi á jókòó tì mí nínú èéfín, kí àwọn ará Ìbàfò wá sọ pé mi ò rí àga fún àna mi? Ẹ dákun, ẹ lọ jókòó. Oúnjẹ yín ń tutù."

Àga ti wà lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, wọ́n sì kọ ojú rẹ̀ sí títì. Ìrẹsì Ọ̀fàdà àti ọbẹ̀ ẹja ti wà lórí tábìlì. Bádéjọ jókòó. Kí ló fẹ́ ṣe? Ẹni tó bá kọ oúnjẹ àna, ó kọ ìyàwó. Bó ṣe rí ní gbogbo Sátidé nìyẹn: iná ń jó lẹ́yìn, onímọ̀ ń jẹun níwájú. Bó bá sì jẹ ẹ́ tán, wọn á tún bù kún un.

Èsì tó jáde dára kọjá ohun tí òun gan-an retí. Igi tí àdògán rẹ̀ ń jẹ kò ju nǹkan bí ìdajì ti ààrò lọ, gààrí á sì gbẹ dáadáa. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe, bákan náà ló ń rí.

"Màmá, báwo lẹ ṣe rí àdògán yẹn sí?"

"Ó dáa púpọ̀," Bùrẹ́ímọ̀ dáhùn, ó ń gbọn ìyẹ̀fun gààrí kúrò lọ́wọ́. "Kò tiẹ̀ ní èéfín."

Fàósátù, obìnrin tí òun àti Bùrẹ́ímọ̀ jọ ń yan gààrí, bú sí ikọ́, ó sì jáde síta. Bádéjọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ní èéfín.

Ó wá di ọ̀ràn kíkọ. Odindi sáà kan ló fi kọ ọ́, kò tíì sí ìwé tí wọ́n gé tí wọ́n tún tò tó bẹ́ẹ̀ n'Ìfọ̀. Ó fi yíǹkì dúdú ya àwòrán àdògán, ó ya agbada lé e lórí. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó kó o lọ bá Yínúsà.

Yínúsà ló ń taìpù níwájú kọ́ọ̀tù. Àgbà ọkùnrin ni, ìwé ẹ̀sùn àti ìwé ẹ̀bẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí adájọ́ tó jókòó n'Ìfọ̀ tí kò tíì ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Ó ṣí ojú ewé àkọ́kọ́.

"Ta lẹ ń pè lẹ́jọ́, Tíṣà?"

"Mi ò pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, bàbá. Ọ̀rọ̀ iná ni."

"Iná jó yín nílé?"

"Rárá, sà. Iná tí a fi ń yan gààrí."

Yínúsà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. "Ẹjọ́ tí kò ní olùjẹ́jọ́," ó ní, "ó máa ń ṣòroó jàre o."

Ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀dà mẹ́ta ni jọ́nà ní kí wọ́n fi ránṣẹ́, nítorí náà Yínúsà ki kábọ́ọ̀nù sáàárín, ó sì ń lu ẹ̀rọ náà bí ẹni pé ó jẹ ẹ́ níyà. Nígbà tí Bádéjọ wá gbà á, ó kà á, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Yínúsà ti fi kún un. Lókè, kí ọ̀rọ̀ àdògán tó bẹ̀rẹ̀, ó kọ ọ́ pé olùbẹ̀bẹ̀ ń fi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ rọ àwọn aláṣẹ kí wọ́n fi ojú àánú wo ìwọ̀n igi yìí. Nísàlẹ̀, lẹ́yìn gbogbo ìṣirò, ó kọ ọ́ pé, "Èmi ni ìránṣẹ́ yín tó ń tẹríba."

"Bàbá, mi ò kọ èyí."

"Mo mọ̀. Ẹ gbàgbé rẹ̀ ni. Ẹ ò bẹ̀bẹ̀ rárá nínú ìwé yìí, Tíṣà. Ṣe ni ẹ kàn ń sọ̀rọ̀. Òyìnbó á ní ẹ gbéra ga."

Ó gba àròyé díẹ̀ kí Yínúsà tó gbà láti tún un tẹ̀, ó sì sọ fún Bádéjọ pé bí wọ́n bá dá ìwé náà nù, kí ó má ṣe wá bá òun sunkún. Ìpínrọ̀ kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ náà ló wú Yínúsà lórí, ìyẹn èyí tó gbẹ̀yìn, níbi tí Bádéjọ ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Alhaja Bùrẹ́ímọ̀ ará Ìbàfò fún ìrànlọ́wọ́ ńlá tí ó ṣe nídìí iná náà. Bùrẹ́ímọ̀ kò tíì lọ sí Mẹ́kà rí. Yínúsà ló fi Alhaja sí i, Bádéjọ sì rò ó wò, ó ní ìyẹn kò pa ìṣirò lára.

Ní pósọ́fíìsì, akọ̀wé gbé àpò ìwé náà sórí òṣùwọ̀n kí ó tó lẹ sítáǹbù mọ́ ọn. Inú Bádéjọ dùn láti rí ẹlòmíràn tó ń wọn nǹkan.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń retí. Bí ó bá ti jẹun alẹ́ tán, a máa sọ fún Ìbíwùnmí bí ìgbé ayé wọn yóò ṣe rí n'Ìbàdàn, yàrá wo ni ọmọ yóò sùn, ibo ni Ìbíwùnmí yóò gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kà. Ìbíwùnmí a máa gbọ́, a sì máa wí pé, "Ọlọ́run á ṣe é." Aránṣọ ni, ó mọ bí a ṣe ń fi abẹ́rẹ́ há ẹnu kí ọ̀rọ̀ má bàa jáde.

Èsì dé nígbà tí òjò ti ń palẹ̀mọ́. Olóòtú jọ́nà náà kọ̀wé pé ẹni méjì ti ka iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ní ó dára bó ṣe wà. Èkejì ní òun fẹ́ràn rẹ̀, ó ku nǹkan kékeré kan: kí wọ́n tún un dán wò, kí wọ́n sì wọn eérú àti èédú tó bá ṣẹ́ kù nínú àdògán nígbà tí iná bá kú. Bí ìyẹn bá ti dé, àwọn yóò tẹ̀ ẹ́.

Bádéjọ fò sókè, tíṣà físíìsì! Ó gbé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì, kò sì wọ̀n ọ́n. Ó kọ̀wé sí Dókítà Ògúnbọ̀dé lọ́jọ́ náà gan-an pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i. Eérú ló kù. Ta ni eérú yóò dà láàmú?

Ó lọ sí Ìbàfò ní Sátidé, ó dọ̀bálẹ̀, ó wọn igi, ó jẹ ìrẹsì. Nígbà tí wọ́n yan gààrí tán, tí iná sì kú, ó gbọ́n eérú àdògán rẹ̀ sínú garawa, ó sì gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ó wò ó. Ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e sókè. Ó gbé òkúta kan tó mọ ìwọ̀n rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n kò purọ́. Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Iná Bádéjọ kú, ó fi eérú bojú lóòótọ́, àmọ́ eérú náà pọ̀ ju ohun tí igi tó wọ̀n lè bí lọ. Bí wọ́n bá jó igi náà lẹ́ẹ̀mejì, kò lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Ṣé kò sí o, Bàbá Fẹ́yìsayọ̀?"

"Kò sí, mà."

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni kò lè kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan gidi. Nǹkan kì í ti inú òfo jáde. Ohun tó ń kọ́ wọn láti ọdún pípẹ́ nìyẹn. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó tún lọ. Wọ́n gbé ìrẹsì fún un. Ó jẹ ẹ́ dé ìdajì. Ó wá ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ọmọ wọn: ó yí àga náà padà.

Ó rí Bùrẹ́ímọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí ẹnu ààrò àtijọ́ tirẹ̀. Àpáàdì ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ń wa ẹ̀yinná tó pọ́n ròdòròdò. Ó gbé e kúkúkú, ó tẹ ara síwájú kí ó má bàa ta sí i lẹ́sẹ̀, ó sì dà á sínú àdògán àna rẹ̀. Ó padà, ó tún wa òmíràn. Kò jọ ẹni tó ń jalè. Ó jọ ẹni tó ń fún ọmọ lóúnjẹ.

Fàósátù ló ń ṣọ́ igi àgbálùmọ̀. Ojú òun àti Bádéjọ ṣe mẹ́rin. Obìnrin náà kò pariwo. Ó kàn kúnlẹ̀ síbẹ̀, pẹ̀lú ajọ̀ lọ́wọ́. Bádéjọ rọra yí àga rẹ̀ padà sí títì. Ó jẹ ìyókù ìrẹsì náà tán, kò sì mọ adùn rẹ̀. Nígbà tó yá, ó wọn ohun tó yẹ kó wọ̀n, ó dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó gun Hóńdà rẹ̀. Ní Mówè, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tuntun náà, nítorí omi ojú kò jẹ́ kó rí ọ̀nà.

Ìbíwùnmí wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ nígbà tó wọlé.

"O mọ̀?"

"Mo mọ kí ni?"

"Ẹ̀yinná."

Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Ìbíwùnmí yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu.

"Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni," ó ní. "Àdògán yín ń mu igi bí ọ̀mùtí, gààrí sì tutù lójú agbada. Ẹ wà lábẹ́ igi, ẹ ń jẹun. Màmá ní ṣé ojú òun ni ọkọ ọmọ òun á ṣe tẹ́ lójú gbogbo obìnrin Ìbàfò? Ni wọ́n bá bu ẹ̀yinná sí i. Nígbà tí ẹ tún dé, wọ́n tún bu ú. Kí ni wọ́n fẹ́ ṣe?"

"Kí wọ́n sọ fún mi!"

"Kí wọ́n sọ pé kí ni? 'Àna wa, iná yín ò dáa'? Ẹnu wo ni ìyá mi á fi sọ ìyẹn?"

"Ìwọ ńkọ́?"

Ìbíwùnmí wo ilẹ̀. "Ìgbà tí èmi fi máa gbọ́, ẹ ti ń pín yàrá fún wa n'Ìbàdàn. Ẹ ò rí bí inú yín ṣe ń dùn ni. Mi ò lè ṣe é."

Kò bá a jà. Ó mọ àdògán mìíràn sí ẹ̀yìnkùlé wọn n'Ìfọ̀, bákan náà gẹ́lẹ́, nígbà tó sì gbẹ, Ìbíwùnmí yan gààrí lórí rẹ̀, òun jókòó tì í, èéfín ń ta á lójú. Ó ní èéfín. Ara amọ̀ tó nípọn yẹn ló kọ́kọ́ ń mu gbogbo ooru kí ó tó kan agbada. Igi tó jẹ ju ti ààrò Bùrẹ́ímọ̀ lọ.

Ẹ má rò pé kò wá sí i lọ́kàn. Ó wá sí i. Ta ni yóò ti ìlú òyìnbó wá sí Ìbàfò wá wọn eérú? Kí ó kọ nọ́ńbà kan tó bójú mu, kí Yínúsà tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n máa kẹ́rù lọ sí Ìbàdàn. Ó gbé nọ́ńbà náà sórí ahọ́n fún ọjọ́ mélòó kan, ó ń tọ́ ọ wò. Ohun tí kò jẹ́ kó gbé e mì ni pé ó ń rí obìnrin kan lọ́kàn, ní ilẹ̀ ibòmíràn tí igi ti tán, tí yóò gbọ́ pé jọ́nà ní àdògán yìí dára, tí yóò fi agbára rẹ̀ mọ ọ́n. Obìnrin yẹn kò ní ní àna kankan tí yóò bu ẹ̀yinná sí i.

Ó kọ̀wé láti fa iṣẹ́ náà padà. Èyí tó ṣòro ni bí yóò ṣe sọ ìdí rẹ̀, nítorí kò sí bí òun yóò ṣe kọ ọ́ ránṣẹ́ sí òyìnbó pé ìyá ìyàwó òun ni. A kì í rojọ́ àna ẹni. Ohun tó wá kọ kò gùn: pé iná kan wà nínú àdògán tí òun kò wọ̀n, pé ẹ̀bi òun ni, nítorí ibi tí òun jókòó sí, òun kò lè rí iná.

Yínúsà kà á. "Ta ló wá dá iná tí ẹ ò wọ̀n?"

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ kọ ohun tí mo kọ."

Yínúsà wo ojú rẹ̀, ó sì ki ìwé bọ ẹ̀rọ. Nísàlẹ̀ ìwé náà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kún un pé, "Èmi ni ìránṣẹ́ yín tó ń tẹríba." Lọ́tẹ̀ yìí, Bádéjọ kò ní kí ó yọ ọ́.

Olóòtú dá a lóhùn ní ìlà méjì, ó dúpẹ́ fún òótọ́ rẹ̀. Dókítà Ògúnbọ̀dé fi àyè náà fún ẹlòmíràn. Ó dun Bádéjọ wọra, ẹni tó bá ní kò dùn ún ń parọ́. Ó padà sí kíláàsì rẹ̀, ọkọ̀ ojú irin sì ń mi àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ó pẹ́ kí ó tó lè dé Ìbàfò. Nígbà tó dé, Bùrẹ́ímọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde wá pàdé rẹ̀.

"Bàbá Fẹ́yìsayọ̀, ìwé yẹn ńkọ́? Ó dé ọ̀dọ̀ wọn?"

"Ó dé, mà. Wọ́n rí orúkọ yín níbẹ̀. Wọ́n dúpẹ́."

"Iná náà ńkọ́? Wọ́n gbà pé ó dáa?"

Fàósátù dá iṣẹ́ dúró. Bádéjọ, tí kò sọ ohun tí kò wọ̀n rí láyé rẹ̀, wo ojú àgbà obìnrin náà. Ìyá náà ń ṣẹ́jú, ó ń bẹ̀rù ohun tí yóò gbọ́.

"Ó dáa, mà," ó ní. "Wọ́n ní ó dáa gan-an."

"Alihamudulilahi!" Bùrẹ́ímọ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó kéde rẹ̀ fún ilé kejì. Ìrẹsì tí wọ́n bù fún Bádéjọ lọ́jọ́ náà, ẹni méjì kò lè jẹ ẹ́ tán.

Láti ìgbà náà, nígbàkígbà tó bá lọ kí wọn, yóò bá iná nínú àdògán rẹ̀, agbada á sì wà lórí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó tètè jáde n'Ìfọ̀, epo Hóńdà sì tán kí ó tó dé ilé wọn, ó wá fẹsẹ̀ rin ìyókù, kò sì pariwo bó ṣe ń wọlé. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Iná ń jó dáadáa nínú ààrò àtijọ́, àwọn obìnrin ń yan gààrí lọ. Nínú àdògán Bádéjọ, adìyẹ aláwọ̀ pupa kan ń sàba lórí koríko gbígbẹ tí ẹnìkan fara balẹ̀ tẹ́ fún un. Adìyẹ náà wò ó. Bádéjọ wo adìyẹ. Ó yí padà bó ṣe wá, ó rọra ń gbé ẹsẹ̀ títí ó fi dé ojú títì.

Ó ti di àṣà rẹ̀ báyìí. Bó bá ti dé orí títì márosẹ̀, kí ó tó yà sí ọ̀nà ilé wọn, á pa Hóńdà rẹ̀. Á fọn fèrè alùpùpù náà. Á tún un fọn, kí ó dá wọn lójú. Á gbọ́ bí adìyẹ ṣe ń ké, àti ohùn Bùrẹ́ímọ̀ tó ń pe Fàósátù pé kí ó mú àpáàdì wá kíá. Á dúró nínú oòrùn, á gbé ojú sókè, títí èéfín yóò fi yọ láti inú ihò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ. Nígbà náà ni yóò wọlé, yóò sì dọ̀bálẹ̀.